Fóònù Ń Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Kí Ni Ká Fi Tì Í Lẹ́yìn?

         

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé yìí fi ránṣẹ́ sí mi fún ayẹyẹ òní. Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ti gbó. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a palẹ̀ àwọn ẹ̀rọ orí tábìlì wọ̀nyẹn mọ́, kí a fi owó ayẹyẹ yìí ra fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ. Àwọn mìíràn ní rárá, nǹkan ìṣeré ni fóònù, kọ̀ǹpútà nìkan ni ọmọ lè fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá bá wọn dá sí i.

N kò ní jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ èrò mi. Fóònù lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó sì ti ń gbà á lójú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n fóònù nìkan kò tó. Ohun tí a bá fi tì í lẹ́yìn ni yóò sọ ọ́ di irinṣẹ́: kíbọ́ọ̀dù tí ìka mẹ́wàá lè bá ṣiṣẹ́, ojú tó fẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń fẹ́ ojú, àti ẹ̀kọ́ bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ ara rẹ̀. Bí a bá ra ẹ̀rọ tí a kò sì ra ìyókù mọ́ ọn, òǹwòran la ó máa tọ́ ní ilé-ìwé yìí.

Pátákó kan nínú àpò ẹ̀wù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi owó ńlá dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Apple gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ Newton. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn máa fi kálàmù kọ̀wé sí ojú rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa ka ìkọ̀wé onítọ̀hún. Ó tóbi ju àpò lọ, owó rẹ̀ ga, ó sì ń ṣi ìkọ̀wé kà débi pé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Ní 1998, Apple pa á tì.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeff Hawkins gba ọ̀nà mìíràn. Kí ó tó ṣe ẹ̀rọ kankan, ó gé pátákó igi kékeré kan tó bá àpò ẹ̀wù rẹ̀ mu, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe kálàmù fún un. Pátákó yìí ló ń mú kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ẹnì kan bá ní kí àwọn ríra, á yọ pátákó jáde, á ṣe bí ẹni ń wo ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kọ nǹkan, á sì dá a padà sápò. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí ọwọ́ òun máa ń wá àpò lọ, àti ohun tí òun ń fẹ́ ṣe nígbà náà gan-an. Ẹ̀rọ tó ti inú ìdánwò yìí jáde ní 1996 ni Pilot ti ilé-iṣẹ́ Palm, ó sì tà wàràwàrà.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn Palm ni pé wọn kò ní àwọn fẹ́ lé kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kékeré kan fún ẹ̀rọ ọwọ́ wọn, wáyà ìtẹ́ náà sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Bí o bá délé, o gbé e lé ìtẹ́, o tẹ bọ́tìnnì kan. Gbogbo orúkọ, nọ́ńbà àti àdéhùn tó wà nínú ẹ̀rọ ọwọ́ á bá ti inú kọ̀ǹpútà dọ́gba. Wọ́n mọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ọwọ́ àti èyí tó jẹ́ ti tábìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà wa ṣe wí, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

iPhone dé ní 2007, fóònù Android àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní 2008. Láti ìgbà náà ni fóònù ti ní agbára kọ̀ǹpútà nínú. Motorola gbìyànjú ní 2011: wọ́n ṣe fóònù Atrix, wọ́n sì ṣe kíbọ́ọ̀dù olójú ńlá tí a lè kì í bọ̀. Owó kíbọ́ọ̀dù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí náà kò rẹ́ni rà á. Microsoft dán tirẹ̀ wò ní 2015, òun náà kò pẹ́. Samsung ló wá rí i ṣe ní 2017 pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní DeX: gbé fóònù lé ìtẹ́, mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù á di tirẹ̀, gbogbo nǹkan á sì tò bí ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀. Ní ayé Palm, inú kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ wà, ẹ̀rọ ọwọ́ ń wá gba nǹkan níbẹ̀. Lónìí, inú fóònù ni ọpọlọ wà; ojú àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ló kù lórí tábìlì.

Lọ́dọ̀ tiwa

Nígbà tí wọ́n ń jiyàn lókè òkun lórí èwo ni yóò rọ́pò èwo, ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá kò ní èyí tí wọ́n fẹ́ rọ́pò. Kí GSM tó dé ní 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò pé mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á lọ sí kafé, á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á ha á, á tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú rẹ̀ sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀dọ́ a máa sùn níbẹ̀ mọ́jú, nítorí owó òru kò wọ́n bíi ti ọ̀sán. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tí o ń kún fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, orí orúkọ rẹ lo ti máa tún bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, fóònù ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwa pátápátá. Ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí lónìí ju 150 mílíọ̀nù lọ. Computer Village ní Ìkẹjà, kọ̀ǹpútà ló fún ọjà náà lórúkọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, fóònù àti àwọn ohun èlò rẹ̀ ló kún ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ilé-iṣẹ́ StatCounter, tó ń wo irú ẹ̀rọ tí aráyé fi ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì borí kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé. Ìròyìn ni èyí jẹ́ níbòmíràn. Ìyálọ́jà tó ń fi nọ́ńbà oníràwọ̀ àti háàṣì san owó ọjà láti ìsọ̀ rẹ̀, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀, ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló sì jẹ́ kó yá bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ lè jẹ tó 150 wáàtì. Bátìrì fóònù tí wọ́n kọ 5000mAh sí lára kò gbà ju bíi 19 wáàtì-wákàtí lọ; bí a bá ro ti èyí tó ń ṣègbé nígbà tí a ń ṣáàjì, ká pè é ní 22. Iná tí kọ̀ǹpútà kan jẹ ní wákàtí kan á kún bátìrì fóònù 6, kó tún ṣẹ́ kù. Ẹ fi èyí lọ́po iye ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa, kí ẹ wá wo owó epo jẹnẹrétọ̀. Páànẹ́ẹ̀lì sólà kékeré lórí òrùlé lè gbọ́ bùkátà fóònù odidi kíláàsì; kọ̀ǹpútà méjì á sọ ọ́ di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní kí a ra kọ̀ǹpútà tuntun kún yàrá náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àtàǹpàkò méjì, ìka mẹ́wàá

Iṣẹ́ títẹ ìwé Yorùbá àti yíyẹ̀ ẹ́ wò ni mò ń ṣe. Ní ayé kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìyà jẹ wá lórí ọ̀ àti ẹ́. Oníkálukú ló ní lẹ́tà àdáṣe tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀: àwọn tó ṣe é kàn jí àyè àmì mìíràn, wọ́n fi lẹ́tà wa síbẹ̀. Bí o bá tẹ ìwé tán lọ́dọ̀ rẹ, tí o gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ọ̀ á di àmì owó, ṣ á di nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Unicode ló yọ wá, nítorí pé ó fún lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀, ó sì fún àmì ohùn náà ní tirẹ̀, kí a lè gbé èkejì lé àkọ́kọ́ lórí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá rí àǹfààní yìí jẹ. Gboard ti Google ní Yorùbá nínú: yàn án, tẹ ìka mọ́ lẹ́tà o kí o má tètè gbé e, ò, ó àti ọ á yọ sókè, o fà á sórí èyí tí o fẹ́. Ọmọ tó kàwé mẹ́fà lè ṣe é. Fún èdè wa, fóònù ṣe ohun tí kò rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti ṣe fún wa ní ọdún gbọọrọ, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò méjì kọ àròkọ olójú-ewé mẹ́ta. Ìlàjì ojú fóònù ni kíbọ́ọ̀dù ti gbà. Ìlà mẹ́ta, mẹ́rin, ló lè rí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó kọ ní ìpínrọ̀ kìn-ín-ní ti lọ sókè, kò rí i mọ́, nítorí náà ó tún un sọ ní ìpínrọ̀ kẹta. Mò ń rí èyí nínú iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó wá fún mi láti yẹ̀ wò: gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dára, àròkọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọn kò gọ̀. Ihò tí wọ́n ń yọjú níbẹ̀ ló kéré.

Mo jókòó ti olùkọ́ kan nígbà tó ń fi fóònù kó máàkì àwọn ọmọ jọ ní ìparí táàmù. Orúkọ wà ní ọwọ́ òsì, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tò lọ sí ọ̀tún. Tó bá dé orí Físíìsì, orúkọ ti kúrò lójú. Á fi ìka fà á padà láti wo orúkọ, á tún fà á lọ, ìka rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó wà lábẹ́ èyí tó fẹ́. Bí máàkì ọmọ kan ṣe di ti ọmọ mìíràn nìyẹn, láìṣe pé olùkọ́ náà ya ọ̀lẹ. A lè kan òpó orúkọ mọ́lẹ̀ kí ó má kúrò, fóònù náà ní i. Àmọ́ òpó orúkọ nìkan á gba ìlàjì ojú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ní òpó àti ìlà púpọ̀ ń fẹ́ ojú tó fẹ̀. Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ti ju fóònù lọ, n kò sì rí ọgbọ́n tí a lè dá sí i lórí fóònù nìkan.

Ti kíbọ́ọ̀dù ní ọgbọ́n nínú, kò sì wọ́n. Ẹ wo ohun tí mo gbé sórí tábìlì yìí. Fóònù Android lásán ni. Wáyà kúkúrú yìí ni wọ́n ń pè ní OTG lọ́jà. Ẹnu rẹ̀ kan wọ ihò ṣáàjì fóònù, ẹnu kejì gba wáyà USB. Kíbọ́ọ̀dù yìí, inú yàrá kọ̀ǹpútà yín ni mo ti mú un ní àná, lára èyí tí wọ́n ti kó jọ sí igun. Mo kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ń rí i: kíbọ́ọ̀dù ojú fóònù ti kúrò, gbogbo ojú ti di ti ìwé. Mo tẹ Ctrl àti A, gbogbo ọ̀rọ̀ ti di yíyàn. Ctrl àti C, ó ti dà á kọ. Ìka mẹ́wàá ti rí iṣẹ́ ṣe. Báyìí ni èmi fúnra mi ṣe ń ṣiṣẹ́: kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀, nígbà tí mo bá ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo máa ń padà sí ojú fóònù láti fi ìka fi àmì ohùn sí i. Kọ̀ǹpútà lè kú kí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó kíbọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn dànù.

Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, àti kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ

Ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ti dán ẹ̀rọ ọwọ́ wò fún ọmọ ilé-ìwé ṣáájú wa. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ 56 ló wà nínú rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ 17, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Wọn kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ má baà fi ṣáko. Mo gbóríyìn fún èrò náà títí di òní. Ẹrù ìwé tí òbí kò lówó láti rà, ẹ̀rọ kan gbé e. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fiyè sí i: ìwé ni Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ rọ́pò. Kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí a sì ní a ti rọ́pò yàrá kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la pò pọ̀. Yàrá kọ̀ǹpútà ni ibi tí ọmọ ti ń ṣe nǹkan jáde fúnra rẹ̀.

Ìdánwò JAMB sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò ìwọlé yunifásítì ti di ti orí kọ̀ǹpútà, WAEC náà sì bẹ̀rẹ̀ ti orí kọ̀ǹpútà fún àwọn olùṣèdánwò aládàáni ní 2024. A kì í mú fóònù wọ gbọ̀ngàn JAMB. Ọmọ tó ti ń fi ìka nu ojú fóònù láti kékeré á jókòó síwájú mọ́nítọ̀ àti máòsì, ọwọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. JAMB mọ ìṣòro yìí, wọ́n ṣètò pé ọmọ lè fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R fún ẹni tó bá tẹ S tó sì tún fẹ́ padà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí mo so mọ́ fóònù lójú yín lè kọ́ ọwọ́ yín ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ tún jókòó síwájú kọ̀ǹpútà gidi kí ara yín lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe

Ẹ tún kọ̀ǹpútà mélòó kan tó ṣì lè ṣiṣẹ́ ṣe, kí wọ́n wà fún ìgbáradì ìdánwò, fún máàkì, àti fún àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìyókù owó, ẹ fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má sì ra ọ̀kan láìra wáyà OTG mọ́ ọn. Bí òǹtajà bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì òun lè gbé àwòrán jáde sórí mọ́nítọ̀, ẹ ní kí ó ṣe é lójú yín kí ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ọjà wa kì í gbé àwòrán gba ihò ṣáàjì jáde. Páànẹ́ẹ̀lì sólà ṣáájú jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú iṣẹ́ ló kù, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún un ní àyè nínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í já bọ́ sínú omi, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lápò ẹni nínú dánfó. Fóònù ń sọnù. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Kí gbogbo ọmọ mọ bí a ṣe ń fún fáìlì lórúkọ tó nítumọ̀, bí a ṣe ń to fáìlì sínú àpò tirẹ̀, bí a ṣe ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí mẹ́mọ́rì àti ẹ̀dà kejì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lo fóònù láti ọdún márùn-ún kò lè fi ibi tí fáìlì rẹ̀ wà hàn ọ́. Á ní ó wà lórí WhatsApp. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kéré sí i ni ìmọ̀ tó yẹ kí olówó rẹ̀ ní ń pọ̀ sí i.

    Bí ètò bá parí, ẹ wá sí ibi tábìlì yìí, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín so kíbọ́ọ̀dù náà mọ́ fóònù.